Ìkòkò Tó Sọ Barnaby Luxton Di Olùdìbò

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, kì í ṣe orí ni wọ́n fi ń ka ọkùnrin ní Thornacombe, ìkòkò ni. Ọkùnrin tó bá ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, tó ní ààrò tirẹ̀, tó ń se oúnjẹ nínú ìkòkò tirẹ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko, tí kò sì gba búrẹ́dì àánú lọ́wọ́ ìjọ, òun ló lè dìbò. Ó lè jẹ́ ọ̀mùtí. Ó lè jẹ́ pé ọpọlọ ẹ̀ ò pé rárá. Ìkòkò ẹ̀ ti pé, ó tán. Gideon Crabb tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà sí mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dìbò, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n gbé e lọ, tí wọ́n gbé e bọ̀, torí tó bá ti mu ọtí ápù àwọn olóṣèlú, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbé e mọ́. Èmi tí mo ti ń dáná fún ogójì ọdún ó lé mẹ́ta, tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ ẹ̀wà mi bú àwọn ìyàwó tuntun nílùú, obìnrin ni mí. Ìkòkò tèmi ò lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ Barnaby Luxton ni mo fẹ́ sọ. Ọkọ ọmọ mi ni. Loveday, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló mú un wọlé lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí omi ń kán láti ara fìlà ẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo wò ó. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àfi bí àkàbà tí wọ́n wọ ẹ̀wù fún. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fi koríko bo òrùlé fún àwọn èèyàn. Mo kí i, ó mi orí. Mo bi í léèrè ará ilé ẹ̀, ó mi orí.

Mo fa Loveday sí kọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣé èyí máa ń sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Ìyá, tó bá wà lórí òrùlé, ó máa ń sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Nílẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ju "ẹ ṣé" àti "ó ti yó mi." Tó bá ti gun òkè tán, tí kò sí ojú ẹnikẹ́ni níwájú ẹ̀, á máa kọrin, á máa bá àwọn ẹyẹ ṣàwàdà, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹ̀ dé odò.

Ọdún kẹrin tí wọ́n fẹ́ra ni ibà pa Loveday. Kò bímọ. Mo rò pé Barnaby á kó ẹrù ẹ̀. Ibo ló tún kù fún un? Ilé bàbá ẹ̀, onílé ti gbà á pa dà lọ́jọ́ tí bàbá náà kú. Síbẹ̀ ọkùnrin ò gbọdọ̀ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó tí ìyàwó ò sí mọ́, ayé á máa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì tá a sìnkú, ó gun òrùlé mi, ó dí ibi tó ń jò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó. Mo bu ọbẹ̀ fún un. Ohun tá a bá ara wa sọ lórí ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ méjì ló máa ń wá. Ẹgbẹ́ Búlúù ni ti ọlọ́lá tó ni gbogbo oko tó yí wa ká. Ẹgbẹ́ Yẹ́lò ni ti àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn ò rí ìlú wa rí títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n nílò wa. Wọ́n á kan pèpéle sẹ́nu ọjà, olórí ìlú á jókòó, akọ̀wé á ṣí ìwé ńlá, wọ́n á máa pe orúkọ ọkùnrin lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà á fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ẹni tó dìbò fún létí gbogbo ayé. Kò sí ìkọ̀kọ̀ ńbẹ̀. Bàbá Barnaby gun pèpéle yẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Barnaby sọ fún mi pé èjìká bàbá òun lòun wà ní ẹ̀ẹ̀kejì, pé nígbà tí wọ́n pe "Luxton!", òun rò pé òun náà ni wọ́n ń pè.

Ló bá gun orí pèpéle lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, láìsọ fún mi. Lọ́yà ẹgbẹ́ Búlúù, Pinsent lorúkọ ẹ̀, ọkùnrin kan tí imú ẹ̀ máa ń débi tó ń lọ kí òun fúnra ẹ̀ tó dé, dá a dúró.

Ó ní, "Luxton, ìkòkò ta lo fi ń jẹun?"

Barnaby ní, "Ti ìyá ìyàwó mi ni, sà."

"Ààrò ta ni?"

"Ti ìyá ìyàwó mi ni, sà."

"Kí wá ni tìẹ nínú ilé náà?"

Ẹni tó gbọ́n á mọ̀ pé kó dákẹ́. Àmọ́ Barnaby ò mọ irọ́, àìsàn ẹ̀ nìyẹn. Ó rò ó, ó rò ó, gbogbo ọjà ń retí ẹ̀. Ó ní, "Ṣíbí mi ni, sà."

Ẹ ò bá gbọ́ ẹ̀rín! Ẹṣin já okùn. Gideon Crabb, tí àwọn méjì dì mú kó má bàa ṣubú, rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú. Láti ọjọ́ yẹn, Barnaby Luxton ti kú, Barnaby Ṣíbí ló kù. Òrùlé bá jò, wọ́n á ní, "Ẹ lọ pe Ṣíbí wá." Àwọn ọmọdé á máa tẹ̀ lé e, wọ́n á máa kan ṣíbí mọ́ra. Ọdún kan kọjá, ọdún méjì, ọdún márùn-ún. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú kékeré ṣe rí, a kì í ju nǹkan tó bá dùn mọ́ wa lẹ́nu nù.

Ní ìgbà ìkórè ọdún karùn-ún, ìròyìn dé pé ìbò máa wáyé tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Barnaby fi ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Ìyá, mo fẹ́ mọ ògiri."

Mo ní, "Síbo?"

Ó fi ìka sí àárín ilé ìdáná mi.

Mo ní, "Ṣé orí ẹ dáa? Ààrò mi ńkọ́?"

Ó ní, "Ààrò náà fẹ̀. Màlúù lè sùn nínú ẹ̀. Ògiri á gba àárín ẹ̀ kọjá. Ìdajì fún yín, ìdajì fún mi. Màá lu ilẹ̀kùn tèmi síta. Màá máa san owó ilé. Màá máa se oúnjẹ mi fúnra mi."

"Ìwọ? O ò lè se omi!"

"Ìyá," ó ní, ojú ẹ̀ ń wo tábìlì, "mo fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí."

Mo ní, "Fẹ́ ìyàwó tó ní ààrò, ṣebí àwọn opó ò wọ́n."

Ó ní, "Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Mo sì dákẹ́. Ẹ bi ẹni tó bá mọ̀ mí bóyá ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀.

Ó fi amọ̀, koríko gígé àti ìgbẹ́ màlúù mọ ògiri náà láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Ó ra ìkòkò irin kan tí etí ẹ̀ kan ti kán. Akọ̀wé ẹgbẹ́ Yẹ́lò wá kìlọ̀ fún wa pé Lọ́yà Pinsent ti gbọ́, pé wọ́n á máa ṣọ́ wa. Ó ní bí ẹyọ iyọ̀ mi kan bá kọjá ògiri, ìbò Barnaby ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ wa, kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ: Susanna ìyàwó Gideon Crabb ni. Wọ́n ṣèlérí fìlà tuntun tó ní ìyẹ́ fún un. Láìsí fìlà gan-an, Susanna á ṣọ́ wa. Obìnrin yẹn mọ iye ìgbà tí mò ń sá pátá mi.

Ẹ gbọ́, oúnjẹ tí Barnaby sè lóṣù àkọ́kọ́, ajá kọ̀ ọ́. Mi ò parọ́, ajá Gideon fimú kàn án, ó wo Barnaby lójú, ó bá tiẹ̀ lọ. Ihò kékeré kan wà lára ògiri náà níbi tí amọ̀ ti gbẹ tó sì là. Ibẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀. Òfin sọ pé iyọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá, kò sọ pé ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá.

"Ìyá, ẹ̀wà yìí ò rọ̀ o."

"O rẹ ẹ́ sómi?"

"Ìgbà wo?"

"Àná, Barnaby! Àná! Ẹ̀wà gbígbẹ ni, kì í ṣe ewébẹ̀."

Tàbí kó ní, "Ìyá, ó ń rùn."

"Ó ti jóná. Gbé e kúrò lórí iná."

"Mo ti gbé e."

"Tún gbé e síwájú sí i. Imú mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Àmọ́ ọmọ náà ní sùúrù. Ẹni tó lè to koríko lọ́kọ̀ọ̀kan látàárọ̀ dalẹ́ kí òjò má bàa rí ibi gbà, ẹ̀wà ò lè ṣẹ́gun ẹ̀. Mo ní kó máa rọra rò ó láti ìsàlẹ̀, ó ń rò ó. Mo ní kó jẹ́ kí àlùbọ́sà pọ́n díẹ̀ nínú ọ̀rá kó tó da omi, ó jẹ́ kó pọ́n. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiẹ̀ kún un. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ló máa kọ́kọ́ fi sínú iná kó gbóná kó tó jù ú sínú ìkòkò. Ewéko kan wà tó ń hù lára òrùlé àtijọ́, tí òun nìkan mọ̀ torí òun nìkan ló ń débẹ̀, ó máa ń já a bọ̀, á rún un sí i. Òórùn wá ń gba ihò yẹn kọjá wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kó tó di pé ẹlòmíràn bá mi sọ ọ́. Ọrùn ọwọ́ mi ti ń dùn mí láti ìgbà tí òtútù ti dé. Mi ò lè gbé ìkòkò irin tó kún mọ́. Mo ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, mò ń fi omi gbígbóná sìn ín, òórùn ọbẹ̀ ń lu mí nímú. Níparí oṣù kejì, mo mú abọ́, mo jáde lẹ́nu ọ̀nà tèmi, mo wọlé lẹ́nu ọ̀nà tiẹ̀. Mo ní, "Jẹ́ n tọ́ ọ wò, kí n mọ̀ bóyá o ń kọ́ nǹkan kan." Ó bù ú fún mi. Mo tọ́ ọ wò.

Ó dáa ju tèmi lọ.

Ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ "tọ́ ọ wò." Ààrò mi tutù. Barnaby kàn ń se tó ẹni méjì. Èmi ni ìgbéraga ò jẹ́ kí n sinmi. Mo máa ń fi aṣọ bo abọ́ mi tí mo bá ń lọ, mo máa ń fi bò ó tí mo bá ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé òfìfo ló ń lọ, pé Tamsin Veale ọlọ́bẹ̀ ń lọ tọrọ ọbẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ ọmọ ẹ̀.

Susanna dúró lẹ́nu ọgbà ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Tamsin. Kí lẹ dé aṣọ lé yẹn?"

Mo ní, "Ojú ẹ ni mo dé e fún, kó má bàa já bọ́ sínú ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti bẹ̀rù ẹ̀rín yẹn.

Ọ̀sẹ̀ ìbò dé. Àṣà wa ni pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkùnrin tó bá fẹ́ dìbò á gbé ìkòkò ẹ̀ kọ́ sórí igi mẹ́ta níta, á mú oúnjẹ tí wọ́n ti sè nílé gbóná lójú gbogbo èèyàn, á jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, á jẹ ẹ́ kí ayé rí i. Gbogbo òpópónà á kún fún èéfín, ẹ ó rò pé ìlú ń jó. Àwọn lọ́yà á máa lọ máa bọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n á máa tọ́ wò. Kábéèjì tí Susanna sè fún Gideon, kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ti Barnaby, wọ́n tò síwájú ẹ̀. Àwọn tó ń pè é ní Ṣíbí mú ṣíbí tiwọn wá.

Susanna náà tò. Ó tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé, ó tún tọ́ ọ wò. Ó kígbe pé, "Ọkùnrin kọ́ ló se èyí!"

Gideon ní, "Ta ló wá sè é?"

"Ẹni tó ti ń sè é láti ogójì ọdún ni. Ọwọ́ Ìyá Tamsin nìyí, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ ìyá mi!"

Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo tún mi orí díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń yìn. Lọ́yà Pinsent kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìbò, olórí ìlú tó jókòó lórí pèpéle ni Ọ̀gbẹ́ni Dunsford, oníbúrẹ́dì, ọkùnrin ńlá kan tí ìyẹ̀fun kì í tán lójú ìpéǹpéjú ẹ̀. Barnaby ti gé irun. Ó wọ ẹ̀wù tó fi gbé Loveday níyàwó. Ó gòkè. Kò tíì dúró dáadáa tí Lọ́yà Pinsent fi dìde.

"Mo ta kò ó! Ìkòkò ọkùnrin yìí, ìkòkò ojú ayé ni. Ìyá ìyàwó ẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀."

Wọ́n pe Susanna. Ó fẹnu ko Bíbélì, pẹ̀lú fìlà tó ní ìyẹ́ lórí. Ó ní òun rí mi lójoojúmọ́, láti oṣù kejì, tí mò ń gbé abọ́ wọ ilé Barnaby. Ó ní mo fi aṣọ bò ó. Ó ní ẹni tí kò jalè, kí ló fẹ́ fi aṣọ bò? Lọ́yà tún ní nígbà tí wọ́n sọ pé èmi ni mo se ọbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, ogún èèyàn ló rí mi. Irọ́ kankan ò sí nínú ẹ̀. Ohun tó burú nínú ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Dunsford ní, "Luxton, kí lo ní í sọ?"

Barnaby ní, "Èmi ni mo sè é, sà."

"Kí ló wá wà nínú abọ́ tí ìyá yìí ń gbé wọlé?"

Barnaby wò mí níbi tí mo dúró sí láàárín èrò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa sọ, ó parí. Ó sì mọ̀ ọ́n. Ó wolẹ̀.

Ó ní, "Mi ò lè sọ, sà."

Ṣé ẹ rí ọmọ burúkú? Ọkùnrin tí kò lè parọ́ pé òun ní ju ṣíbí lọ lọ́jọ́sí, òun ló ń fi ìbò tó ti ń fojú sọ́nà fún látọdún márùn-ún sílẹ̀, kí wọ́n má bàa fi mí ṣẹ̀sín. Akọ̀wé ti ki kálàmù bọ yíǹkì. Àwọn ọmọdé ti ń wá ṣíbí nínú àpò.

Mo ní, "Ẹ dúró!"

Lọ́yà Pinsent ní, "Obìnrin ò lóhùn níbí."

Mo ní, "Ìbò lobìnrin ò ní, Lọ́yà. Ohùn, ọkọ mi tó wà ní sàréè á jẹ́rìí pé mo ní in." Mo fi ìgbúnwọ́ lanà. "Abọ́ tí Susanna rí, ó rí i lóòótọ́. Ojú ẹ̀ dáa, ọpọlọ ẹ̀ ni ò tó o. Abọ́ náà, òfìfo ló ń lọ, kíkún ló ń bọ̀. Èmi kọ́ ni mò ń bọ́ Barnaby. Barnaby ló ń bọ́ mi."

Lọ́yà ní, "Ta ló máa gba ìyá ìyàwó gbọ́?" Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, pàápàá àwọn tí tiwọn ṣì wà láyé.

Mo ní, "Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ lọ wo ìkòkò mi."

Ni wọ́n bá lọ o. Olórí ìlú ló ṣáájú, akọ̀wé gbé ìwé ńlá lé igbáàyà, Lọ́yà, Susanna, Búlúù, Yẹ́lò, ẹni tó lè rìn àti Gideon. Wọ́n rọ́ wọ ilé ìdáná mi, àwọn tí kò ráyè wọlé fojú lé fèrèsé. Ilé ìdáná tí mi ò jẹ́ kí Susanna wò láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀! Kò sí eérú nínú ààrò. Aláǹtakùn ti hun àwọ̀n sẹ́nu ihò èéfín. Ìkòkò mi sì wà níbẹ̀, ìkòkò tí mo fi se oúnjẹ ìgbéyàwó ìdajì ìlú yìí. Ọ̀gbẹ́ni Dunsford bẹ̀rẹ̀, ó kì orí bọ̀ ọ́.

Ó fò sẹ́yìn, ó di imú ẹ̀ mú. "Kí nìyẹn?"

Mo ní, "Adìẹ mi ni, sà. Ó ń sàba. Ó fẹ́ràn ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń lo ibẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ogún ọjọ́ lónìí."

Lọ́yà ní, "Àná ni wọ́n gbé e síbẹ̀! Ẹ̀tàn ni!"

Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Dunsford náà ń sin adìẹ. Ó fi ọwọ́ kan dí ojú adìẹ, ó fi ìkejì yọ ẹyin kan, ó gbé e sétí. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ inú ẹ̀ ń ké." Ó gbé e sétí Lọ́yà. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ìwọ tó o kàwé, bá mi ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀wà fógún ọjọ́ lábẹ́ adìẹ, tí adìẹ ò ní bínú."

Ẹ̀rín wá ṣubú lu ẹ̀rín. Èmi ni wọ́n ń rín. Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń nawọ́ sí ààrò mi, wọ́n ń pariwo pé, "Ìyá Tamsin! Ọkọ ọmọ ló ń dáná fún wọn!" Mo nà ró, mo gbé àgbọ̀n sókè. Susanna nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń ronú fìlà ẹ̀.

Wọ́n pa dà sẹ́nu ọjà. Ọ̀gbẹ́ni Dunsford ní, "Ìkòkò Luxton ni. Akọ̀wé, pè é."

Akọ̀wé pariwo, "Barnaby Luxton! Oníṣẹ́ òrùlé! Ta lo dìbò fún?"

Ọmọ mi dúró, kò fọhùn. Búlúù ń pariwo, Yẹ́lò ń pariwo, gbogbo ojú wà lára ẹ̀. Mo ronú pé a ti gbé e dé etí odò, kò fẹ́ mu omi. Ló bá gbé ojú sókè. Ó kọjú sí òrùlé ilé ọjà, ibi tí òun fúnra ẹ̀ ti tún ṣe lọ́dún tó kọjá, ó ń wò ó, ó ń wò ó, títí ojú wa fi kúrò lójú ẹ̀. Ohùn sì jáde.

Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ tún orúkọ náà pè."

Akọ̀wé ní, "Kí la fẹ́ tún un pè fún?"

"Ó dùn létí mi."

Wọ́n tún un pè. Ìlú gbà á lẹ́nu akọ̀wé, "Luxton! Luxton!", àwọn kan náà tó fi ṣíbí pa á lẹ́kún. Ènìyàn! Nígbà tó yó dáadáa, ó ní ọ̀gbẹ́ni Yẹ́lò lòun dìbò fún, pé ìbò kejì, torí méjì méjì ni ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní, òun ò fún ẹnikẹ́ni, torí òun ò tíì rí ẹni tó tọ́ sí i. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹgbẹ́ Yẹ́lò pàdánù. Ìbò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi borí wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún Barnaby, òun náà ò béèrè. Ọdún yẹn, ọlọ́lá ò pè é bo òrùlé abà kankan, àmọ́ òjò ò mọ Búlúù, nígbà tó di ìkórè ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá a wá.

Èmi ni mo jẹ ìyà ẹ̀. Tí mo bá dé ìdí kànga báyìí, wọ́n á ní, "Ìyá Tamsin, kí ni Barnaby sè lónìí?" Mo máa ń sọ fún wọn pé ohun tí ọkọ wọn ò lè sè ni. Ògiri ṣì wà. Mo ti ní kó wó o, ó ní ìbò mìíràn ń bọ̀.

Wọ́n tẹ orúkọ gbogbo àwọn tó dìbò sínú ìwé kan, Barnaby sì ra ọ̀kan. Òun ò mọ̀wé, èmi ò mọ̀wé. Ìyàwó àlùfáà ló fi ibi tí orúkọ ẹ̀ wà hàn án. Lálaalẹ́ tó bá jẹun tán, kó tó fọ ọwọ́ ẹ̀ tó kún fún ọ̀rá ẹran, á ṣí i, á fi ìka lé e. Ó yá mi ní ìwé náà lọ́sẹ̀ tó kọjá kí n fi han ẹni tó wá kí mi, ó ní ṣé màá rí ojú ewé náà. Mo ní báwo ni mi ò ṣe ní rí i. Òun ló dọ̀tí jù.